Ìtọ́kọ̀ Tí Omi Wà Nínú Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tú U Wò

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ ìgbòkun kan kúrò lómi. Ó wà lórí igi ìdúró nínú ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ti fọ ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i, gbogbo ara rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n ní igun ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ rẹ̀, omi kan ṣì ń sun jáde, ó ń kán tó, tó, tó, ó sì ti fa ìlà pupa bí ìpẹtà sára ọ̀dà. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní omi òjò ni. Ẹni tó mọ̀ á lọ gbé sípánà.

Ìtọ́kọ̀ ni pákó pẹlẹbẹ tó wà nínú omi ní ìdí ọkọ̀, tí a fi ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá ti ka ìwé Jákọ́bù nínú Bíbélì ti pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ohun kékeré tó ń yí ọkọ̀ ńlá. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ àjẹ̀ ní Mákòókó kò nílò rẹ̀, nítorí àjẹ̀ ọwọ́ ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó ń tù, ó sì ń tọ́. Àjẹ̀ sì ní àǹfààní kan tí ìtọ́kọ̀ kò ní: ojoojúmọ́ ni ọlọ́kọ̀ ń fọwọ́ kàn án. Bí ó bá là, ọwọ́ á mọ̀. Ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun lè wà nínú omi fún oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn fún ọdún mélòó kan, láìsí ẹni tó wò ó. Irin tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ gan-an, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti fi fáíbà (fibreglass) bò ó mọ́lẹ̀. Èèyàn lè fi ọ̀dà tuntun kùn ún lọ́dọọdún kí ó má mọ̀ pé inú rẹ̀ ti jẹrà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú u sílẹ̀ kí a tó lè sọ pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń yí ọkọ̀. Omi tó ń sáré kọjá lára rẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ lè máa yí ìtọ́kọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibi tí ọkọ̀ wà náà ni yóò wà. Bí ó bá ń lọ, omi á máa ti ìtọ́kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ọkọ̀ á sún, orí rẹ̀ á sì kọjú síbi tí a fẹ́. Agbára omi yìí kì í rọra pọ̀ sí i: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń ti ìtọ́kọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sórí irin kan, bóòtù mélòó kan àti bíárìn méjì.

Bí wọ́n ṣe so ìtọ́kọ̀ mọ́ ọkọ̀ ló ń sọ bí a ó ṣe tú u. Òmíràn wà níta gbangba lẹ́yìn ọkọ̀, bí ilẹ̀kùn lára férémù. Òmíràn so mọ́ ẹ̀yìn kíìlì, ìyẹn apá wíwúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Lára ọkọ̀ àtijọ́ ni irú rẹ̀ pọ̀ sí. Òmíràn ní apá líle kan níwájú rẹ̀ tó ń gbà á dúró. Èyí tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ òde òní kò ní alátìlẹ́yìn kankan: ó kàn rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bí ojú ṣọ́bìrì, òpó irin kan ṣoṣo ló gbé e. Orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́ náà nìyẹn, ìtọ́kọ̀ oníṣọ́bìrì.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ní Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932 létí omi Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń díje ni Lightning, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 19 tí ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens ní Amẹ́ríkà ya àwòrán rẹ̀ ní 1938. Ìta, lẹ́yìn ọkọ̀, ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà. Akọ àti abo ni wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀: akọ ni ìṣó irin tó dúró ṣánṣán, abo ni òrùka irin tí ìṣó náà ń wọ̀. Òyìnbó ń pe akọ ní pintle, ó ń pe abo ní gudgeon, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé géètì kúrò lórí híńjì rẹ̀ rí ti mọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan máa ń wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan tàbí pínnì kan wà lára irú ìtọ́kọ̀ báyìí tí kì í jẹ́ kí akọ fò jáde kúrò nínú abo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tàbí kí ẹ fà á yọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìtọ́kọ̀ sókè tààrà, iṣẹ́ parí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun kékeré tí ẹ tẹ̀ yẹn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé bí ó bá ti rọ̀ tàbí tí ó ti kán, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé ni ìtọ́kọ̀ á yọ jáde, tí á gba ìsàlẹ̀ omi lọ. Àwọn kan a máa fi okùn tín-ín-rín so ó mọ́ ọkọ̀ nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ìdí tí gbogbo èèyàn kò fi ń ṣe é. Owó okùn kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná fa ara akọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, abo ti jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ojú ihò abo: róbótó ló yẹ kó rí, bí ó bá ti gùn bí ẹyin, ìtọ́kọ̀ á máa mì nínú rẹ̀, mímì náà á sì máa jẹ ìyókù. Bí ó bá jẹ́ pé idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ họ ọ́ díẹ̀. Idẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń tàn bí wúrà. Bí ó bá pọ́n bí bàbà, omi iyọ̀ ti fa síǹkì inú rẹ̀ jáde. Ohun tó ṣẹ́kù ní ìrísí irin, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti rí bíi kàn-ìnkàn-ìn, ó sì lè ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìgbì bá gbá a. Òkúta tàbí òòlù kò lè tún un ṣe. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Ẹ má gbàgbé bóòtù tó di abo mú. Ibi tí ojú ń rí kọ́ ló ti ń bàjẹ́, àárín rẹ̀ tó wà nínú ògiri ọkọ̀ ni. Ẹ fa ọ̀kan yọ. Orí rẹ̀ lè máa dán, nọ́ọ̀tì rẹ̀ lè máa dán, kí àárín rẹ̀ ti tín-ín-rín bí egungun eku. Bí ọ̀kan bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ inú omi.

Iṣẹ́ gidi wà lára ìtọ́kọ̀ oníṣọ́bìrì. Ká mú ọkọ̀ bíi mítà mẹ́wàá, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí ilẹ̀ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù. Kí ẹ tó tú nǹkan kan, ohun mẹ́ta wà tí ọwọ́ lásán lè sọ fún yín. Ẹ di ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ mú, ẹ tì í síwá sẹ́yìn, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, bíárìn ti jẹ. Ẹ mú ìdí gègé ìkọ̀wé tàbí ẹ̀yìn sukurudíráfà onírọ́bà, ẹ máa kàn án káàkiri ara rẹ̀. Ibi tí fáíbà ṣì dì mọ́ inú rẹ̀ á dún gbangba. Ibi tó ti ṣí á dún bíi àgbá òfìfo tàbí àpótí tó ní ìdọ̀tí nínú. Ìkẹta ló wúwo jù. Kí ẹnì kan lókè di ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ìyẹn ohun tí a fi ń yí i, mú gírígírí, kí ẹnì kejì nísàlẹ̀ gbá etí ẹ̀yìn ìtọ́kọ̀ mú, kí ó gbìyànjú láti lọ́ ọ. Bí pákó bá yí nísàlẹ̀ tí ọwọ́ kò sì yí lókè, ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ti já. Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ padà sómi bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ nínú títú u kì í ṣe irin rárá, àyè ni. Òpó irin ìtọ́kọ̀ gba inú ihò kan wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì gòkè dé ibi tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wà. Ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Bí òpó náà bá gùn tó mítà kan àti ààbọ̀, ìtọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà: kí kíréènì gbé ọkọ̀ sókè kí ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ lábẹ́ ìtọ́kọ̀. Ihò ni ọ̀pọ̀ ń gbẹ́, torí owó wákàtí kan kíréènì kì í ṣe owó kékeré. Níbi tó jẹ́ kọnkéré, ọ̀rọ̀ di ti kíréènì. Ẹni tó bá gbọ́n á ti ròyìn èyí fún àwọn aláṣẹ ọgbà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń jáde, kí wọ́n lè bá a fa ìtọ́kọ̀ yọ nígbà tí okùn kíréènì ṣì wà lára ọkọ̀.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ ti ìtọ́kọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé jáàkì sí i, ẹ to igi sí i, ẹ fi okùn gbè é. Nígbà mìíràn, òrùka kan tàbí nọ́ọ̀tì kan lókè ló gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀. Bí ẹ bá tú u láìtì í, á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń lo ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ẹ yọ ọwọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ onítẹ́ríìnì, wáyà ló so tẹ́ríìnì mọ́ irin kan tó rí bí ìdajì àwo lórí òpó. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí gbogbo nǹkan wà kí ẹ tó dẹ wáyà. Irin kékeré onígun mẹ́rin kan máa ń wà láàárín òpó àti ohun tó ń yí i, tí kì í jẹ́ kí ọ̀kan yọ̀ lára èkejì. Bó bá já bọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀, inú omi elépo tó wà níbẹ̀ ni ẹ óò ti máa wá a. Ẹ fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tú tí ìtọ́kọ̀ kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀, ẹ má gbé òòlù irin lu orí òpó náà. Orí rẹ̀ á fẹ̀ bí olú, kò sì ní lè gba inú bíárìn kọjá mọ́. Ìṣòro kan ti di méjì. Ẹ fọ́n epo tó ń wọnú ìpẹtà sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi igi lé orí òpó kí ẹ tó fi òòlù kàn án, kí ẹnì kan máa yí ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún sósì nísàlẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kì í kìlọ̀.

Nígbà tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ nu òpó náà kí ó mọ́, kí ẹ wo ibi tí bíárìn ìsàlẹ̀ ti máa ń gbá a mú, níbi tó ti ń jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni omi ti ń tẹ̀ ẹ́ jù, torí òkè rẹ̀ dúró gírígírí nínú ọkọ̀, omi sì ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá máa là, ibẹ̀ ni. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìlà tó tín-ín-rín. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fọ́n aró pupa kan sí i, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á fọ́n ẹfun olómi lé e. Bí ìlà kan bá wà, aró tó sá wọnú rẹ̀ á padà yọ sára ẹfun bí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun.

Òpó ìtọ́kọ̀ ti kán lójú òkun rí. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ ìgbòkun 303 ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje Fastnet láti Cowes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjì dé bá wọn lójú òkun, àwọn olùdíje 15 sì kú. Lára ohun tí àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni ìtọ́kọ̀ tó kán lára àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n fi carbon fibre ṣe òpó ìtọ́kọ̀ wọn, ohun tó ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Carbon fibre kọ́ ló burú. Wọ́n ń fi ṣe òpó ìtọ́kọ̀ dáadáa lónìí. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ni kò tíì mọ bó ṣe yẹ kó lágbára tó.

Ti irin tí wọ́n ń pè ní sítéǹlẹ́ẹ̀sì ló ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n gbà pé kì í dípẹtà. Kurómíọ̀mù inú rẹ̀, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń bá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí nǹkan bá họ awọ náà, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn ló fi ń tún un ṣe. Nínú ìtọ́kọ̀, omi iyọ̀ tó bá ti wọ àárín fáíbà àti irin kì í jáde, kì í sì í gba afẹ́fẹ́ tuntun. Bí ọ́síjìn inú omi náà bá tán, awọ kò lè padà, iyọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ irin ní ihò wẹ́wẹ́. Irin kan náà tó ń dán lókè nínú afẹ́fẹ́ lè ti rí bí ilé ikán níbi tí fáíbà bò ó. Oríṣi 316, tó ní mọlibidẹ́nọ̀mù ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ń fara dà á ju 304 lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni wọ́n jó mọ́ ara òpó nínú ìtọ́kọ̀, bí ìka ọwọ́, láti fi di pákó mú. Fóòmù ló kún ìyókù, fáíbà méjì ló dé e láti ọ̀tún àti òsì. Omi sábà máa ń gba ibi tí òpó ti wọ orí pákó wọlé, torí ooru àti òtútù kì í fa irin àti fáíbà bákan náà, àlàfo bí irun orí á sì ṣí láàárín wọn. Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pariwo pé ìtọ́kọ̀ ti kú nítorí omi díẹ̀. Ìtọ́kọ̀ tó ti pẹ́ tí kò ní omi nínú rárá ṣọ̀wọ́n. Àwọ̀ omi ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ fi dírìlì lu ihò kékeré kan nísàlẹ̀, ẹ gbé ike sábẹ́ rẹ̀. Bí omi mímọ́ bá jáde, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi ẹpọ́sì (epoxy) dí i, kí ẹ sì dí orí rẹ̀ níbi tó ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ omi pupa tó ń rùn, ìka irin inú rẹ̀ ló ń yọ́, ẹ ní láti la ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ rí i. Níbi òtútù, ẹ lu ihò yìí kí yìnyín tó dé: omi tó bá dì nínú ìtọ́kọ̀ á wú, ó sì lè là á sí méjì. Ọlọ́kọ̀ Èkó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ wo bíárìn náà nígbà tí ọ̀nà ti ṣí. Bí wọ́n bá fi náílọ́ọ̀nù ṣe é, ó máa ń mu omi, á wú, á sì fún òpó lọ́rùn títí ìtọ́kọ̀ á fi le. Àwọn kan á rò pé gírísì ló tán. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ike tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi bíi Delrin ló sàn.

Àwọn tó ń gba etíkun Sípéènì àti Pọtogí kọjá tún ní ìdí mìíràn láti mọ ìtọ́kọ̀ wọn. Láti 2020 ni àwọn orca kan níbẹ̀, ẹranko ńlá inú òkun, ti ń fi orí gbá ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun títí tí á fi kán, wọ́n sì ti ri ọkọ̀ mélòó kan. Àyẹ̀wò kò lè lé orca lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ mọ bí ihò òpó rẹ̀ ṣe tóbi tó, kí ó sì ní ohun tí á fi dí i nítòsí, nítorí níbi tí òpó bá ti ya kúrò ni omi ti ń wọlé.

Dídá a padà kò yàtọ̀ sí títú u, ẹ̀yìn-wá-síwájú ni. Wáṣà tuntun, pínnì tuntun, gírísì tí wọ́n ṣe fún omi iyọ̀. Nígbà tó bá ti dúró, kí ìka méjì lè yí i láti òpin kan dé òpin kejì láì gbọ́ ariwo. Kí ẹ tún ṣe ìdánwò lílọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dí ihò tí ẹ gbẹ́ sílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ pé wọ́n dí i lálẹ́ ọjọ́ tí ìtọ́kọ̀ jáde, kí ajá ọgbà má baà já sínú rẹ̀, tí wọ́n sì tún gbẹ́ ẹ lọ́tun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú òjò.